Ojúṣe Ẹni Tí Kò Mọ Ọ̀la



Àwọn baba wa a máa sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó ń mú kí babaláwo máa dá Ifá ní ọrọọrún. Ẹ kíyè sí òwe náà dáadáa. Kò sọ fún wa pé ẹni tí ó béèrè lónìí ti mọ ọ̀la tán. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìmọ̀ tí ọmọ ènìyàn ní nípa ọ̀la kì í tọ́jọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó fi ìbéèrè ṣe iṣẹ́ pàápàá gbọ́dọ̀ padà wá béèrè nígbà tí ọjọ́ bá yí. Láti ayébáyé ni a ti ń bá àìmọ̀ yìí gbé. Àgbẹ̀ ń gbin iṣu sínú ebè láìmọ bí òjò yóò ti rọ̀. Oníṣòwò ń di ẹrù lọ sí ọjà láìmọ ẹni tí yóò rà á. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a bá mọ ọ̀la ni a óò tó ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí ì bá jáde nílé.

Ṣùgbọ́n àkókò a máa dé tí àìmọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kan mọ́, tí ó di ti gbogbo ìlú. Ìran tiwa ti rí irú àkókò bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A rí i ní ọdún 1993, nígbà tí ìjọba ológun fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó ọmọ àti ẹrù kúrò ní Èkó lọ sí ìlú wọn nítorí ìbẹ̀rù ogun. A rí i ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó. A rí i ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá nítorí àrùn Kòrónà. A tún rí i ní ọdún 2023, nígbà tí owó náírà kọ́kọ́ di àwátì ní báńkì, tí iye owó pẹtiróòlù sì fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ lẹ́yìn tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí: kí ni ojúṣe ẹni tí kò mọ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹni tí ó mọ̀ nìkan ni a lè bi ní ìbéèrè, àti pé ẹni tí kò mọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. A ó wí pé, "Ṣé èmi ni mo dá a sílẹ̀ ni? Èmi náà gbọ́ ọ ni." Ó dà bí ẹni pé àwáwí náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dán an wò lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ojú wa.

Ṣáájú ohun gbogbo, mo fẹ́ kí ó dá yín lójú pé ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀bùn ni, gẹ́gẹ́ bí ìrora ti jẹ́ ẹ̀bùn fún ẹni tí ó fi ọwọ́ kan iná. Àwọn tí wọ́n sá kúrò ní Èkó ní ọdún 1993 kì í ṣe òmùgọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni ó rántí ohun tí ojú rí ní ọdún 1966 àti 1967. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ohun tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ ni ìwà tí ìbẹ̀rù ń kọ́ wa láti hù. Nítorí pé ọkàn ènìyàn kò lè fara da àyè òfìfo. Nígbà tí kò bá sí ọ̀rọ̀ tí ó dájú, ọkàn yóò wá ọ̀rọ̀ kan fi dí àyè náà, bí ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn láti ní ìdánilójú èké ju kí ó jókòó pẹ̀lú àìdánilójú tòótọ́ lọ.

Ẹ rántí òru ọjọ́ 7 mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Àrùn Ebola ti wà ní Èkó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lórí ìyanṣẹ́lódì. Kò sí oògùn tí a mọ̀ fún àrùn náà nígbà náà. Lóru ọjọ́ yìí ni tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé, láti ìlú dé ìlú: kí olúkúlùkù dìde, kí ó da iyọ̀ sínú omi gbígbóná, kí ó fi wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan ní ọba kan ni ó sọ ọ́. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ béèrè ẹni tí ó sọ ọ́. Ìyá pe ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ pe bàbá rẹ̀ arúgbó ní abúlé. Ẹ̀gbọ́n jí àbúrò lójú oorun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn aláṣẹ ìlera jáde wá sọ pé irọ́ ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa irú ìwòsàn àhesọ bẹ́ẹ̀, ó sì mẹ́nu ba ìròyìn pé ó kéré tán ènìyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Iyọ̀ tí ó wà nínú ọbẹ̀ wa lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù nínú ara, a máa fa omi kúrò níbi tí omi gbọ́dọ̀ wà, a sì máa ni ọkàn àti kíndìnrín lára, pàápàá lára àgbàlagbà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ìpè náà sì fẹ́ gbà là jù lọ, ìyẹn arúgbó tí agbára rẹ̀ ti ń dínkù, ni ó lè pa jù lọ.

Ibí yìí ni ìbéèrè wa ti di ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn. Obìnrin tí ó jí ìyá rẹ̀ lóru láti fún un ní omi iyọ̀ mu, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi? Kò pa irọ́, nítorí irọ́ ni kí ènìyàn sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé kì í ṣe òtítọ́. Obìnrin yìí gba ohun tí ó sọ gbọ́. Kò ní ìkà nínú. Ìfẹ́ ni ó lé e kúrò lórí ibùsùn. Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ nìkan ni Ọlọ́run ń wò, a ó wí pé ó yege.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun mìíràn. Bí obìnrin kan náà bá fẹ́ ra bàtà fún ìyá rẹ̀, yóò wọn ẹsẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gba ọmọ ọ̀dọ̀ sí ilé, yóò wádìí ibi tí ó ti wá. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀, yóò rán ènìyàn lọ sí ìlú ọkùnrin náà láti ṣe ìwádìí ìdílé. Báwo ni ó ṣe wá jẹ́ pé ní ọ̀ràn ikú àti ìyè ni kò ti béèrè ohunkóhun? Ìfẹ́ tí ó ń wọn ẹsẹ̀ nítorí bàtà kò wọn ọ̀rọ̀ kí ó tó dà á sí ìyá rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Àìtó kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe àìtó ìfẹ́. Àìtó ìṣọ́ra ni. Ìfẹ́ tí kò béèrè sì lè pa ẹni tí a fẹ́.

Tọ́másì Mímọ́ ti Aquino, tí ó kú ní ọdún 1274, kọ́ wa pé ọgbọ́n ìṣọ́ra jẹ́ ìwà rere, gẹ́gẹ́ bí òdodo àti ìgboyà ti jẹ́ ìwà rere. Nínú àwọn ohun tí ó ní ọgbọ́n náà kò lè ṣe aláìní ni ìrántí ohun tí ó ti kọjá wà, àti ọkàn tí ó ṣeé kọ́, àti ìkíyèsára. Ẹ wò ó bí ẹ̀kọ́ yìí ti bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ní àkókò ìbẹ̀rù, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń fi wá sílẹ̀ ni ọkàn tí ó ṣeé kọ́. A kì í fẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ sọ̀rọ̀. A ń fẹ́ kí ẹni tí ó yára sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ̀bi obìnrin náà kéré gan-an, ìbẹ̀rù àti òru sì dín in kù sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwa tí ilẹ̀ mọ́ bá kò kéré rárá. Bí irú òru bẹ́ẹ̀ bá tún dé, a kò lè sọ pé a kò gbọ́ rí.

Èdè wa ti fún wa ní ọgbà tí a lè fi dá ọ̀rọ̀ dúró. Nígbà tí Yorùbá bá sọ pé "wọ́n ní," ó ti sọ fún olùgbọ́ pé òun kò sí níbẹ̀, pé òun kò lè búra. "Wọ́n ní iyọ̀ ń dènà àrùn náà." Ẹni kìíní sọ ọ́ báyìí. Ẹni kejì, nítorí pé àyà rẹ̀ ń já, gbé "wọ́n ní" sọnù: "Iyọ̀ ń dènà àrùn náà." Ẹni kẹta fi àṣẹ kún un: "Mu ún nísinsìnyí!" Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ọgbà rẹ̀ ti wó. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta náà tí ó pa irọ́, irọ́ sì ti délé. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé, "Fadá, nígbà tí iná ń jó ilé, ta ni ó ń dúró béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ rí èéfín? Bí ó bá wá jẹ́ òtítọ́ ńkọ́?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, mi ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìkìlọ̀ wà tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ àṣìṣe: kí a fọ ọwọ́, kí a yẹra fún ọ̀nà kan, kí a tètè wọlé. Irú èyí, ẹ lè yára sọ ọ́, kí ẹ sì fi "mo gbọ́ ni, n kò rí i" sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí ó lè pa ara, tàbí tí ó lè ba orúkọ ènìyàn jẹ́, tàbí tí ó lè gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ìdílé, kò ní ẹ̀tọ́ sí irú ìyára bẹ́ẹ̀. Kí a bi í pé: ta ni ó sọ ọ́, ǹjẹ́ ó sì wà níbi tí ó ti lè mọ̀? Bí kò bá jẹ́ òtítọ́, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ọ̀ràn owó náà kò yàtọ̀. Ní ọdún 2016, ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè yìí fà sẹ́yìn gan-an, irú èyí tí a kò rí fún bí ọdún 25. Iṣẹ́ bọ́, owó oṣù kò wọlé. Ní àkókò náà ni ètò tí a ń pè ní MMM gbilẹ̀, tí ó ń ṣèlérí èrè 30 náírà lórí 100 náírà ní oṣù kan ṣoṣo. Báńkì Àpapọ̀ ti kìlọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé wa? Ẹ̀gbọ́n ni, ọ̀rẹ́ ni, ẹni tí a jọ ń jókòó lórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Lóòótọ́, ojúkòkòrò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni ó pọ̀ jù: ìbẹ̀rù owó ilé ẹ̀kọ́, ìbẹ̀rù owó ilé. Nígbà tí ètò náà ti owó àwọn ènìyàn pa ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ní ìgbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀, owó nìkan kọ́ ni ó bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ìbátan kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo apá kejì. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà dé sí Èkó pẹ̀lú àìsàn. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni ó jẹ́ àgbà nínú àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀. Ẹ rò ó wò: òun náà kò mọ̀. Àrùn yìí kò tíì wọ Nàìjíríà rí. Aláìsàn náà sọ pé òun kò sún mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó ní i. Dókítà yìí fura; ó ní kí a gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan fi ipá mú un pé kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò dúró de ìdánilójú kí ó tó ṣe ojúṣe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi ìdánilójú èké rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé dókítà kì í fi ìlú wewu. Èyí ni ó sì ṣe. Àrùn náà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìṣẹ́ àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ènìyàn 894 tí ó ti ní ìfarakanra pẹ̀lú àwọn aláìsàn sílẹ̀. Wọ́n ń lọ sí ilé wọn fún ọjọ́ 21, láti wò bóyá ara wọn ń gbóná. Ìbẹ̀wò tí wọ́n ṣe tó bí 18,500. Ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn náà kò mọ ohun tí yóò bá ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kàn án síbẹ̀. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú nínú wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, wọ́n kéde pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta kan náà, nínú ìlú kan náà, àwọn kan ń po iyọ̀, àwọn kan ń kan ilẹ̀kùn. Àìmọ̀ kan náà ni ó bá àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè wa nìyí. Ẹni tí kò mọ ọ̀la kò bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe, nítorí pé ohun tí ó mọ̀ lónìí ṣì kù sí i lọ́wọ́. Bí àrùn bá dé, a kò mọ ibi tí yóò parí sí, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé aládùúgbò tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá kì í ṣe ẹni tí a ń sá fún. Àwọn tí ó bọ́ nínú Ebola rí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Àrùn fi wọ́n sílẹ̀ tán, àwọn ènìyàn kò fẹ́ fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Bí ọjà bá gbówó lórí, a kò mọ ìgbà tí yóò rọ̀, ṣùgbọ́n a mọ ilé tí kò dá iná ní àdúgbò wa. Àwọn baba wa, tí òjò àti eéṣú kò jẹ́ kí wọ́n mọ ọ̀la, fi ọgbọ́n dá àáró àti ọ̀wẹ̀ àti èésú sílẹ̀. Kò sí ìkan nínú wọn tí ó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n rí i dájú pé ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ kò ní bá ẹnì kan ṣoṣo níbi tí ó dá wà. Bí a bá ń dá àjọ lónìí, ẹ jẹ́ kí a fi òtítọ́ dá a, nítorí pé odi ààbò àwọn tálákà ni.

Ìgbàgbọ́ wa pẹ̀lú kò ṣèlérí pé a ó mọ ọ̀la. Ẹni tí ó ń lọ láti orí òkè kan dé orí òkè kejì kí a lè sọ fún un ohun tí ọdún tí ń bọ̀ yóò mú wá, ohun tí Ọlọ́run kò sọ pé òun yóò fún un ni ó ń wá. Àdúrà kì í ṣe ọ̀nà láti yọjú wo ìwé tí Ọlọ́run pa dé. Ọ̀nà láti dúró níwájú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà ni, kí a sì dìde lọ ṣe iṣẹ́ wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan yóò dé bá ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, bóyá lórí tẹlifóònù, bóyá ní ọjà, tí yóò mú kí àyà yín já. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ dá "wọ́n ní" padà sí ipò rẹ̀, kí ẹ sì béèrè. Bí ará ilé yín bá sì jẹ́ ẹni tí ó máa ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ àti sùúrù bá a sọ ọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilé tí ó kángun sí tiyín. Ọ̀la ilé náà kò hàn sí yín, ṣùgbọ́n ebi tí ó wà níbẹ̀ lónìí hàn.

Kí Ọlọ́run kí ó fún wa ní sùúrù láti béèrè, àti ìgboyà láti ṣe èyí tí a ti mọ̀. Àmín.